Kí ni wọ́n ń fi nọ́ńbà káàdì yín ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó tán?

Lọ́sẹ̀ yìí, a kò ní sọ̀rọ̀ oúnjẹ, a kò sì ní sọ̀rọ̀ oògùn. Owó tí a fi ń ra oúnjẹ àti oògùn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí bí olè bá gbé owó lọ, àtoúnjẹ àtoògùn ló bá a lọ.

Ẹ wo bí ayé ṣe dà. Ọ̀pọ̀ iléèwé ni kò gba owó lọ́wọ́ òbí mọ́, wọ́n á ní kí ẹ lọ san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó tẹlifíṣàn, orí fóònù ni. Owó iná, orí fóònù ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí bàbá ń lò lóṣooṣù, ọmọ tó wà l'Ékòó ló ń fi káàdì rà á ránṣẹ́ sílé. Bí ẹ bá ti fẹ́ sanwó báyìí, wọ́n á ní kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú káàdì báńkì yín. Ẹ ó kọ ọ́, owó á lọ, álàátì á wọlé, ó parí.

Ṣé ó parí lóòótọ́? Nọ́ńbà tí ẹ kọ yẹn, ọwọ́ ta ló wà báyìí? Ṣé ẹni tó tajà fún yín ti kọ ọ́ pamọ́ ni? Bí olè bá wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lóru òní ńkọ́?

Ìbéèrè yìí la fẹ́ dáhùn. Ohun tó wà nídìí ìdáhùn náà ni wọ́n ń pè ní tókìn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín, nítorí irú rẹ̀ kan ti wà nínú ilé yín tipẹ́.

OHUN TÓ WÀ LÁRA KÁÀDÌ

Ẹ mú káàdì yín, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà gígùn kan wà níbẹ̀. Lórí Visa àti Mastercard, 16 ló sábà máa ń jẹ́. Lórí Verve, tó jẹ́ ti ilé wa níbí, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣáájú nínú rẹ̀ ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ni káàdì àti báńkì tó fún yín, àwọn tó kù ló ń tọ́ka sí yín. Ẹ ó tún rí oṣù àti ọdún tí káàdì náà máa kú. Nọ́ńbà kékeré mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CVV.

Nǹkan mẹ́ta yìí, ìyẹn nọ́ńbà gígùn, ọjọ́ tí káàdì máa kú àti CVV, ni olè ń wá. Níbí, báńkì sábà máa ń béèrè PIN tàbí OTP kí owó tó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn òǹtàjà kan wà nílùú òkèèrè tí wọn kì í béèrè ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí káàdì yín fi lè wà nínú àpò yín nílé, kí ẹnìkan tí ẹ kò mọ̀ rí sì máa fi nọ́ńbà rẹ̀ rajà níbòmíràn.

ÀKÁ TÍ WỌ́N KÓ NǸKAN SÍ LOLÈ Ń WÁ

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ TJX. Òun ló ni àwọn ṣọ́ọ̀bù T.J. Maxx àti Marshalls tí àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún máa ń lọ ra aṣọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé olè ti wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣírò rẹ̀, nọ́ńbà káàdì tó lé ní mílíọ̀nù 45 ni wọ́n ti jí kó. Àwọn olè náà kò gbé ìbọn, wọn kò sì já ilẹ̀kùn. Íntánẹ́ẹ̀tì aláìlókùn tí àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ń lò, tí wọn kò tì dáadáa, ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n padà mú olórí wọn, Albert Gonzalez, ilé-ẹjọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n 20 ọdún ní 2010.

Ohun tó yẹ kó ká wa lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọdún 2003 làwọn kan nínú àwọn oníbàárà náà ti rajà. Wọ́n ti gbé aṣọ wọn lọ sílé, wọ́n ti wọ̀ ọ́ gbó, síbẹ̀ nọ́ńbà káàdì wọn ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Bóyá ìgbà tẹ́nìkan bá dá ọjà padà ni wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú àká, eku kò lè rí i jẹ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì ńlá ti rí ewu yìí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, wọ́n pawọ́ pọ̀ gbé òfin kan kalẹ̀ fún gbogbo òǹtàjà tó bá ń gba káàdì. Ọ̀kan nínú òfin náà ni pé lẹ́yìn tí báńkì bá ti fọwọ́ sí owó kan, òǹtàjà kankan kò gbọ́dọ̀ tọ́jú CVV oníbàárà mọ́. Ẹ rántí èyí dáadáa, torí ó máa wúlò fún yín níwájú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà gígùn náà ńkọ́? Òǹtàjà tí oníbàárà ń padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù fẹ́ ní ohun kan lọ́wọ́ tí á fi máa gba owó rẹ̀. Ibí yìí ni tókìn ti wọlé.

TÓKÌN INÁ ÀTI TÁLÌ BÁŃKÌ

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo mítà prípéèdì, ẹ mọ tókìn iná. Bí ẹ bá ra iná, nọ́ńbà gígùn kan, 20 ni, ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí yín. Mítà yín nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí bá jábọ́ lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, tí ẹnìkan he é, tó sáré lọ tẹ̀ ẹ́ sínú mítà tirẹ̀, mítà náà kò ní gbà á. Ó rí nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò rí iná.

Ẹ̀yin àgbà á sì rántí tálì tí wọ́n máa ń fún yín ní báńkì láyé ọjọ́sí. Ẹ ó fi ìwé ìgbowó sílẹ̀ ní káńtà, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà kékeré kan, ẹ ó wá jókòó títí wọ́n á fi pè é. Tálì yẹn kì í ṣe owó. Bí ẹ bá mú un lọ sọ́jà, ẹ kò lè fi ra iyọ̀. Inú báńkì yẹn nìkan ló ti nítumọ̀, torí pé ẹ̀yìn káńtà ni ìwé tó sọ ẹni tó ni ín àti iye tó fẹ́ gbà wà.

Tókìn káàdì pa méjèèjì pọ̀. Nọ́ńbà mìíràn ni, tó dúró fún nọ́ńbà káàdì yín, tí ẹni tó bá rí i kò lè fi mọ nọ́ńbà gan-an. Ọ̀dọ̀ òǹtàjà tí wọ́n ṣe é fún nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́.

BÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ jẹ́ ká ní ilé oògùn kan wà tó ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá fún ìyá yín lóṣooṣù, tí ẹ sì ń fi káàdì sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ibi ìsanwó, ojú ìwé tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìsanwó ló máa ṣí, kì í ṣe ti ilé oògùn. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, àti Flutterwave, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016. Ibẹ̀ ni ẹ máa kọ nọ́ńbà káàdì sí. Ilé-iṣẹ́ ìsanwó á bá báńkì yín sọ̀rọ̀, báńkì á fọwọ́ sí i, owó á lọ.

Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ ìsanwó á ti nọ́ńbà káàdì yín mọ́nú àpótí tirẹ̀, á sì fún ilé oògùn ní tókìn. Ní ti Paystack, lẹ́tà AUTH ni tókìn náà fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà mìíràn á sì tẹ̀ lé e. Gbogbo ohun tí ilé oògùn lè rí kò ju orúkọ báńkì yín, ọjọ́ tí káàdì máa kú, àti nọ́ńbà díẹ̀ lára káàdì náà bíi mẹ́rin tó kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ìràwọ̀ tó tò, tí nọ́ńbà mẹ́rin á wá wà níparí rẹ̀.

Bí oṣù bá tún yí po, ilé oògùn á fi tókìn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìsanwó pé kó gba owó oògùn. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa tún káàdì kọ. Bí olè bá wá wọ kọ̀ǹpútà ilé oògùn, tókìn ló máa bá níbẹ̀, kò sì lè fi ra bàtà ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn. A kò sọ pé wàhálà kò lè sí rárá o. Ẹni tó bá gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé oògùn náà lè dá rúgúdù sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì yín gan-an kò tíì bọ́ sígboro.

Àwọn ọmọ yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà tó máa ń gbé fóònù súnmọ́ ẹ̀rọ láti sanwó, tókìn làwọn náà ń lò. Ọdún 2014 ni Apple bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2015. Nọ́ńbà gan-an tó wà lójú káàdì kò sí nínú fóònù náà, nọ́ńbà mìíràn tó dúró fún un ló wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí báńkì máa ń fún àwọn oníbàárà kan, tó ń mú nọ́ńbà jáde, tí wọ́n tún ń pè ní tókìn. Èyí tí à ń sọ yìí, ẹ̀yin kì í rí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà tó bá jáde lójú ẹ̀rọ kékeré yẹn, ẹ kò gbọ́dọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni.

OHUN TÍ TÓKÌN KÒ LÈ ṢE

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fara gbá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà yín tán ni tókìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí olè bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbà tí ẹ ń kọ ọ́, tókìn kò lè gbà yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní British Airways nìyẹn, ọkọ̀ òfuurufú tí ọ̀pọ̀ yín ti wọ̀ lọ kí ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ sí ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, àwọn olè fi ohun kan pamọ́ sínú ojú ìwé ìsanwó wọn. Bí oníbàárà bá ṣe ń tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀, títí kan CVV, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ olè. Ìsọfúnni èèyàn tó lé ní 400,000 lọ̀rọ̀ náà kàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àjọ tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé wọn.

Èkejì, tókìn kò lè di ẹnu yín. Ẹnìkan á pe bàbá lórí fóònù, á ní báńkì lòun ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì tí owó ìfẹ̀yìntì ń wọ̀, àfi kí bàbá ka nọ́ńbà káàdì àti OTP tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Jìnnìjìnnì á bò bàbá, á sì kà á. Owó tí bàbá fi ọdún 35 ṣiṣẹ́ fún lè lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu yín ni ògiri yín.

Ẹ̀kẹta, tókìn kò mọ ẹni tó mú fóònù dání. Ẹ̀yin òbí, tiyín lèyí. Bí ẹ bá ti fi káàdì sínú fóònù, tí ẹ wá gbé e fún ọmọ kó fi ṣeré, ọmọ náà lè tẹ ibi tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré, owó á sì máa lọ. Kò jalè, kò kàn mọ̀ pé owó gidi ni. Ó pọ̀ débi pé ní oṣù kìíní ọdún 2014, Apple gbà láti dá ó kéré tán mílíọ̀nù 32.5 dọ́là padà fáwọn òbí ní Amẹ́ríkà, nítorí ohun táwọn ọmọ rà láìgbàṣẹ. Google náà gbà láti dá ó kéré tán mílíọ̀nù 19 dọ́là padà lọ́dún kan náà.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

1. Ẹ má ṣe fi àwòrán káàdì yín ránṣẹ́ sí òǹtàjà lórí WhatsApp, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó bá ní kí ẹ ka CVV fóun kóun lè tọ́jú rẹ̀, ẹ rántí òfin tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan: kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ́jú rẹ̀. Ẹ sá fún un, tàbí kí ẹ san owó yín lọ́nà mìíràn.

2. Kí ẹ tó kọ nọ́ńbà káàdì, ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lókè ojú ìwé náà. Ṣé orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ni, àbí wọ́n fi lẹ́tà kan sí i tàbí yọ kan kúrò? Àwòrán àgádágodo tí ẹ ń rí níbẹ̀ kàn ń sọ pé ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò lè ka ohun tí ẹ ń kọ ni. Kò sọ pé ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí kì í ṣe olè.

3. Ní Nàìjíríà, ojú ìwé ìsanwó gidi lè ní kí ẹ tẹ PIN àti OTP. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Àmọ́ kò sí èèyàn ẹlẹ́ran ara kankan, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì, tó yẹ kó béèrè rẹ̀ lẹ́nu yín.

4. Ẹ ya àkáǹtì sọ́tọ̀. Èyí tí owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó iléèwé ń wọ̀, ẹ má ṣe fi káàdì rẹ̀ rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí kékeré mìíràn, kí ẹ máa fi ìwọ̀nba owó tí ẹ fẹ́ ná sínú rẹ̀. Bí olè bá dé ibẹ̀, kò ní rí ju owó ọbẹ̀ lọ.

5. Bí wọ́n bá bi yín bóyá kí wọ́n tọ́jú káàdì yín fún ìgbà mìíràn, ibi tí ẹ ń lò déédéé nìkan ni kí ẹ ti gbà. Ibi tí ẹ ti rajà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ní rárá. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ yẹ àwọn káàdì tí ẹ ti fi síbẹ̀ wò, kí ẹ yọ èyí tí ẹ kò lò mọ́.

6. Ẹ ṣètò fóònù yín kó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí ìka ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lè ra ohunkóhun. Ẹ má sì sọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà fún ọmọ, kódà bó bá ń sunkún.

7. Ẹ máa ka álàátì yín. Bí ẹ bá rí owó kékeré kan tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé kò tó nǹkan. Àwọn olè sábà máa ń fi owó kékeré dán káàdì wò kí wọ́n tó gbé ńlá. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí.

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ má ṣe jókòó máa sunkún, ẹ má sì fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà mìíràn kì í fẹ́ kí ọmọ gbọ́ pé wọ́n lu àwọn ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi dákẹ́, olè ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ náà, bí ìyá yín bá sọ fún yín, ẹ má bú u. Bí ẹ bá bú u, kò ní sọ fún yín mọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n ti káàdì náà. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè sábà máa ń wà lẹ́yìn káàdì, àmọ́ bí káàdì bá sọnù ńkọ́? Ẹ dà á kọ sórí ìwé lónìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí báńkì pẹ̀lú ìwé, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, ẹ gbé ẹ̀sùn náà lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín níbẹ̀ ni bóyá ẹ ti fi sun báńkì yín.

Bí báńkì bá fún yín ní káàdì tuntun, ẹ má rò pé gbogbo owó tó ń lọ lóṣooṣù ti dúró. Àwọn tókìn kan wà tí Visa àti Mastercard fúnra wọn ń ṣe, tó máa ń tẹ̀ lé yín lọ sórí káàdì tuntun. Bí ẹ kò bá fẹ́ sanwó fún nǹkan kan mọ́, ọ̀dọ̀ òǹtàjà náà ni kí ẹ ti fòpin sí i.

Ẹ sì mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2023 sọ pé bí ìsọfúnni bá bọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà tó lè ṣe èèyàn níbi, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi sọ fún àjọ tó ń rí sí i. Bí ewu rẹ̀ bá pọ̀ fún ẹni tó ni ìsọfúnni náà, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún òun náà.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ sanwó iléèwé tàbí owó oògùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé: "Ta ló ń tọ́jú nọ́ńbà káàdì mi?" Ìbéèrè náà kò le. Òǹtàjà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn pé ilé-iṣẹ́ ìsanwó ni, pé òun kò tilẹ̀ lè rí i. Ẹni tó bá sọ pé, "Ó wà nínú ìwé mi níbí, ẹ fọkàn balẹ̀," ẹ má fọkàn balẹ̀ o.

Ẹ kú ìṣọ́ra. Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.